Gbòǹgbò Ṣáájú Ewé: Ìrántí Ìgbà Eruku

Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá ti kọ́kọ́ bá orúkọ óákù pàdé. Abẹ́ igi óákù ńlá kan ni ìbaaka Ábúsálómù gbà kọjá, tí orí ọmọ ọba fi há sáàárín ẹ̀ka, tí ìbaaka sì bá tirẹ̀ lọ. A mọ ìtàn yẹn ní àmọ̀dunjú, ṣùgbọ́n igi inú rẹ̀ ṣàjèjì sí wa, torí kò hù nínú igbó wa. Ẹni tó bá ń fojú inú wò ó, ìrókò ló máa ń rí, kò sì ṣìnà jìnnà: igi ńlá ni, igi líle, tó ń gbó ju ẹni tó gbìn ín lọ. Ọ̀rọ̀ omi ni àwọn méjèèjì ti pínyà. Ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa ni ìrókò fẹ́. Irú óákù tó wà láyé lé ní 400, àwọn kan sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé ibi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n ni agbára wọn ti máa ń hàn. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní bur oak. Ìgbà kan wà, tí kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún, tí orílẹ̀-èdè yẹn kó igi dání láti fi bá eruku jà. Bí wọ́n bá ń rántí ìgbà ọ̀hún, iye igi tí wọ́n gbìn ni wọ́n máa ń kà. Èmi fẹ́ rántí rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀ wá.

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá tó wà láàárín Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ láti ẹnubodè Kánádà títí dé Texas. Koríko ló ni ín. Bí èèyàn bá ṣe ń ti ìlà-oòrùn rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn lórí rẹ̀ ni òjò ń dín kù, títí yóò fi dé ibi tí òjò ọdún kan gbáko kò ní tó 20 íǹṣì mọ́. Ní 1878 ni John Wesley Powell ti kọ ọ́ sínú ìwé fún ìjọba pé iṣẹ́ oko tó gbójú lé òjò nìkan kò lè dúró níbẹ̀. Iná, ẹfọ̀n àti ọ̀dá ló ń lé igi sẹ́yìn fún koríko, àwọn Pawnee, Omaha àti Lakota tó ń gbé ibẹ̀ sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi iná tún ilẹ̀ ṣe. Àwọn àlejò tó gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn, ibi tí igbó wà ni wọ́n ti wá. Lójú tiwọn, ilẹ̀ tí kò ní igi, àìsàn ló ń ṣe é. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 1872, J. Sterling Morton dá Ọjọ́ Igi Gbígbìn sílẹ̀ ní Nebraska. Nígbà tó di 1873, ìjọba ṣòfin pé ẹni tó bá gbin igi sórí éékà 40, tó sì tọ́jú rẹ̀, yóò di onílẹ̀ éékà 160. Àwọn kan tilẹ̀ ń fọwọ́ sọ̀yà pé bí àwọn bá ti túlẹ̀, tí àwọn gbin igi, òjò ń bọ̀ lẹ́yìn àwọn. Òjò kò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ igi gbẹ lóòró, àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ sọ òfin náà di ọ̀nà láti gba ilẹ̀ láìgbin ohunkóhun, nígbà tó sì di 1891, wọ́n wọ́gi lé òfin igi.

Ohun tó tẹ̀ lé e burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àlìkámà gbówó lórí, tírákítọ̀ dé, wọ́n sì hú koríko tó ti di ilẹ̀ mú láti ayébáyé. Nígbà tí ọ̀dá wọlé ní àwọn ọdún 1930, kò sí ohun tó di ilẹ̀ mú mọ́, ni atẹ́gùn bá kó o. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 1935, eruku dúdú kan gbéra bí òkè, ó bo ojú ọ̀run láti Kansas dé Texas, ọ̀sán sì di òru. Àìkú Dúdú ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà títí dòní. Ẹni tó bá ti rí ọyẹ́ ní Kano tàbí Sokoto lè rò pé òun mọ ohun tí à ń sọ, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́, láti ọ̀nà jíjìn ló ń wá. Èyí, ilẹ̀ oko wọn gan-an ló gbéra tó ń fò lọ. Ààrẹ Franklin Roosevelt ti pàṣẹ ní 1934 pé kí wọ́n gbin odi igi kí atẹ́gùn lè rí ohun tí yóò dí i lọ́nà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 1935 ni igi àkọ́kọ́ wọlẹ̀ nítòsí Mangum ní Oklahoma. Nígbà tí iṣẹ́ náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1942, igi tí wọ́n ti gbìn lé ní mílíọ̀nù 220, ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà, láti North Dakota dé Texas. Bí a bá so odi igi náà mọ́ra wọn, gígùn wọn tó 18,600 máìlì. Àwọn tí kò rí iṣẹ́ ṣe nígbà náà ni ìjọba san owó fún láti gbìn ín.

Iṣẹ́ ńlá ni, n kò sì ní bu ẹnikẹ́ni tó ṣe é kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo igi tí wọ́n yàn. Ààyè tó yẹ kó ga jù nínú odi kọ̀ọ̀kan, cottonwood, elm ilẹ̀ Siberia àti green ash ló gba ibẹ̀ jù, torí pé wọ́n ń yára ga. Óákù wà nínú àkọsílẹ̀, àmọ́ ó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìyókù. Wọ́n ní ó ń falẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án nígbà yẹn nìyẹn, òun náà sì ni ẹni tó ń ta igi ní nọ́sírì ṣì ń sọ fún oníbàárà lónìí. Ohun tí mo fẹ́ wí ni pé óákù kò falẹ̀ rárá. Ibi tó ti ń sáré ni a kò wò. Ní ilẹ̀ tí omi ti jìnnà, igi tó bá kọ́kọ́ ná gbogbo agbára rẹ̀ sórí ewé, gbèsè ló jẹ, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí ọ̀dá yóò wá sin owó náà. Igi tó kọ́kọ́ ná an sórí gbòǹgbò ti sanwó kó tó gbé ọjà. Bẹ́ẹ̀, ojú àwọn tó ń gbin igi nígbà eruku, orí ilẹ̀ ló wà. Ga-ga-ga ni wọ́n ń wá.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ti ọwọ́ ọkùnrin kan wá tó fi ṣọ́bìrì ṣe sáyẹ́ǹsì. John Weaver ń kọ́ni ní ìmọ̀ irúgbìn ní Yunifásítì Nebraska. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ fi ara ṣe ni òun fi ayé rẹ̀ ṣe: ó ń gbẹ́ yàrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ irúgbìn, yóò wọ inú rẹ̀, yóò wá máa fi irin ṣóńṣó họ ilẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi hàn, yóò sì yà á sórí ìwé. Ní 1932, òun àti Joseph Kramer gbé èsì iṣẹ́ wọn lórí gbòǹgbò bur oak jáde. Igi tí wọ́n wú jẹ́ ẹni ọdún 65, gíga rẹ̀ lórí ilẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 37. Olórí gbòǹgbò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 14. Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ̀ka gbòǹgbò tó nípọn, tó lé ní 30, yọ lára rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láàárín ẹsẹ̀ bàtà méjì àkọ́kọ́. Wọ́n nà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 20, òmíràn tó 60, kí wọ́n tó kọrí sísàlẹ̀ bí ẹni ń wá kànga. Bí wọ́n ṣe gbé ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ sórí ìwọ̀n, tí wọ́n sì gbé ohun tó wà lókè sí i, ìwọ̀n kan náà ni. Igi méjì ni ẹni tó ní óákù ní: ọ̀kan ni à ń rí.

Ẹni ọdún 65 nìyẹn. Ti ọmọ ọwọ́ tilẹ̀ tún ya èèyàn lẹ́nu jù. Wọ́n ti wọn gbòǹgbò bur oak tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ìgbà ẹ̀rùn kan péré láyé, wọ́n sì bá a ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àbọ̀ nísàlẹ̀. Lókè, ewé díẹ̀ ni, ohun tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kọjá láìmọ̀. Bí a bá fẹ́ mọ bó ṣe ṣe é, ẹ jẹ́ ká mú èso rẹ̀ kan lọ́wọ́. Ó tóbi tó ẹyin àparò. Fìlà kan wà lórí rẹ̀ tó bò ó dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀, etí fìlà náà sì ní wajawaja bí etí aṣọ òkè. Bí a bá bó èèpo rẹ̀, ẹran funfun méjì ló dì mọ́ra nínú rẹ̀ bí obì olójú méjì, oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀. Níbi ṣóńṣó rẹ̀ ni èéhù kékeré kan sùn sí. Tó bá bọ́ sílẹ̀ nígbà ìwọ́wé, kì í dúró de ìgbà òjò. Ní ìhà gúúsù, ó lè hù láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbòǹgbò ló sì ń kọ́kọ́ jáde, tí ewé kankan kò tíì yọ; ní ìhà àríwá tí òtútù ti le, ó lè sùn di ìgbà tí yìnyín bá yọ́. Ẹran funfun méjèèjì kì í jáde síta bí ti ẹ̀wà. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń wà, níbi tí iná àti ẹnu ẹran kò ti lè dé, wọ́n á máa bọ́ gbòǹgbò. Ọ̀kẹ́rẹ́ ibẹ̀ pàápàá mọ àṣírí yìí: a ti rí àwọn kan nínú wọn tó máa ń gé ibi tí èéhù wà jẹ kí wọ́n tó rì í, kí ohun tí wọ́n tọ́jú dé ìgbà òtútù má bàa di igi mọ́ wọn lọ́wọ́. Àfi ohun kan tó dà bí ẹ̀tàn: igi tó lè fara da ọ̀dá tó báyìí, èso rẹ̀ kò lè fara da gbígbẹ. Bí wọ́n bá sá a sóòrùn bí èso kòkó, ó kú.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn asáré. Elm ilẹ̀ Siberia ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé gan-an, igi tí Frank Meyer kó irúgbìn rẹ̀ wá láti Ṣáínà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó ń hù níbikíbi, ó sì ń ga kíá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 1940, lẹ́yìn ìwọ́wé kan tó móoru ju bó ṣe yẹ lọ, òtútù já wọ ilẹ̀ náà lójijì. Àwọn igi tí omi ṣì ń lọ lára wọn, tí wọn kò tíì kápá jọ fún ìgbà òtútù, kú lọ bẹẹrẹ ní Nebraska àti Kansas, elm yìí sì wà nínú àwọn tó kú jù. Àwọn tó yè, igi wọn kò lágbára. Ẹ̀ka wọn ń ṣẹ́ nínú ìjì àti lábẹ́ yìnyín. Cottonwood ń fẹ́ omi nítòsí, ibi tó bá ti jìnnà sí odò, ẹ̀mí rẹ̀ kì í gùn. Green ash gbìyànjú fún ọdún pípẹ́, títí kòkòrò kan láti Éṣíà, tí wọ́n kọ́kọ́ rí nítòsí Detroit ní 2002, fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lábẹ́ èèpo; ó dé Kansas ní 2012, ó dé Nebraska ní 2016. Ó yẹ kí n sọ òdìkejì rẹ̀ náà. Óákù kò bọ́ lọ́wọ́ àrùn. Àrùn ewé kan wà tó ń bá bur oak fínra ní Iowa àti agbègbè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí òjò ti pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrúwé ni àrùn náà ti ń gbilẹ̀. Ní ibi gbígbẹ tí ọ̀rọ̀ wa dá lé, ara rẹ̀ ṣì le. Èèpo rẹ̀ nípọn bí kọ́ọ̀kì, iná koríko kì í tètè wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ tó ní ẹfun nínú, tó ń mú kí pin oak, ìbátan rẹ̀, pọ́n bí ìyeyè, òun kò kà á sí. Òtútù tó tó 40 nísàlẹ̀ òdo kò pa á.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn yóò kọ́kọ́ sọ pé ilé tó ń jó ni wọ́n ń pa iná rẹ̀ nígbà yẹn. Oko ń fò lọ, àgbẹ̀ ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ lọ sí California, ta ni yóò sọ fún un pé kó máa dúró de óákù? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, n kò sì ní yí i mọ́lẹ̀. Odi igi tí wọ́n gbìn gba atẹ́gùn sílẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀, ó gba àlìkámà là, ó fún ilé àti ẹran ọ̀sìn ní ààbò. Bí ó bá jẹ́ óákù nìkan ni wọ́n gbìn, ogun ìbá ti parí kí ọmọ ogun tó wọṣọ. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn yẹn kò lé óákù jáde nínú oko. Ohun tó sọ ni pé kí óákù má dá nìkan wà. Odi tó ní ìlà mẹ́wàá lè gba asáré síwájú, kí ó sì fi ìlà méjì tàbí mẹ́ta fún igi tí yóò kù nígbà tí asáré bá ṣubú. Níbi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, cottonwood ló kọ́kọ́ fún óákù ní ibòji, lẹ́yìn náà ló fi àyè sílẹ̀ fún un. Àṣìṣe ìgbà yẹn kọ́ ni pé wọ́n gbin igi tó ń yára. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ìyára ni wọ́n fi wọn ohun gbogbo, tí ìwé ìṣirò sì ń ka iye tó wọlẹ̀ ju iye tí yóò dúró lọ.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́, àwọn onímọ̀ igbó kan sì ti sọ ọ́ nígbà náà gan-an pé ilẹ̀ koríko ni ibẹ̀, igi kò ní nǹkan í fi ṣe níbẹ̀. Mo gbà á ju ìdajì lọ. Ní ìlà-oòrùn pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn, bur oak ò nílò ẹnikẹ́ni kó tó dé. Ó ti wà ní etí odò àti ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ó ń bá koríko du ilẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Iná a jó orí rẹ̀ dànù, gbòǹgbò a tún rú, iná a tún jó o. Kùkùté tí kò ga ju orúnkún lọ lè ní gbòǹgbò tó ti pẹ́ gan-an nísàlẹ̀, bí àwọn àgbẹ̀ ṣe mọ̀ nígbà tí ohun ìtúlẹ̀ wọn ń kọ́ lára rẹ̀. Àmọ́ bó bá di ìwọ̀-oòrùn, tí òjò ọdún kò tó 15 íǹṣì, ẹ̀dá pàápàá kò gbin óákù síbẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ gbin odi igi gígùn gbọọrọ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, orí kunkun ló ń ṣe. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn alátakò ni pé ibòji ilé yàtọ̀ sí igbó. Igi kan lẹ́yìn ilé, igi méjì lẹ́bàá ìbùjẹ ẹran, mẹ́ta níwájú ilé ẹ̀kọ́: èyí kò ba koríko jẹ́, kò sì nílò òjò ìyanu. Omi tí wọ́n fi fọ aṣọ lè tọ́ ọ dàgbà fún ọdún mélòó kan tí gbòǹgbò kò tíì rí ọ̀nà. Denver, tí òjò ọdún rẹ̀ kò ju nǹkan bí 15 íǹṣì lọ, ní bur oak ní òpópónà rẹ̀, wọ́n sì tóbi.

Àwọn ará ilé wa ní Níjà ní ìdí láti tẹ́tí sí ìran yìí, kì í ṣe torí pé a ó gbin óákù. Nígbà tí aṣálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ Katsina àti Kano, odi igi náà ni ìjọba gbìn, dongoyaro àti yúkálíptọ́ọ̀sì, èrò kan náà: igi tó yá. Lódìkejì ẹnubodè, ní Maradi ní ilẹ̀ Niger, Tony Rinaudo, ọmọ Australia, ti gbin igi títí ó fi sú u, torí èyí tó pọ̀ jù ń kú. Ní nǹkan bí 1983, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ohun tó rò pé koríko igbó ni, ó sì rí i pé kùkùté igi tí àwọn àgbẹ̀ ti gé ni, tó ń rú lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń sán an dànù lọ́dọọdún. Igbó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ látọjọ́ yìí. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ̀kan tàbí méjì sí nínú àwọn ẹ̀ka tó ń yọ, wọ́n ń rẹ́ àwọn ìyókù, ilẹ̀ tó sì ti padà ní igi ní Niger lọ́nà yìí tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà. Kò sí nọ́sírì, kò sí omi tí wọ́n ń pọn. Ohun tí óákù ń sọ fún àwọn ará Nebraska ni èyí sọ fún àwọn ará Maradi lédè Hausa.

Èyí tó kù ni ẹjọ́ ẹni tó ní ta ni yóò gbó tó láti jókòó lábẹ́ rẹ̀. Ẹjọ́ yìí ni mo kà sí òfìfo jù nínú gbogbo wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n ń rò jù. Níbi tí wọ́n bá ti ń tọ́jú rẹ̀, bur oak lè fi ẹsẹ̀ bàtà kan ga lọ́dún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ bá ti kọjá. Ẹni tó gbìn ín lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ọmọ náà tó parí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ibòji tó tó tábìlì àti àga mẹ́fà ti wà nílẹ̀. Ohun tó ń sọ igi náà di onílọ̀ọ́ra ni pé èèyàn fẹ́ ra gíga. Igi ńlá tí wọ́n wú ní nọ́sírì, tí wọ́n fi àpò di ìdí rẹ̀, ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti wú u. Èyí tó wà nínú ike, bó bá pẹ́ níbẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ti ń yí po bí ejò nínú agbọ̀n. Ọdún mélòó kan ni yóò fi máa wá ohun tó sọnù, a ó sì máa sọ pé óákù ló ń falẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn odi igi náà pàápàá jẹ irú ìyà ojú-kòkòrò yìí: nígbà tí páìpù ńlá tó ń rìn yípo lórí táyà bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin oko, igi di ìdènà, láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n sì ti ń fi katapílà hú ọ̀pọ̀ nínú wọn dànù. Omi abẹ́ ilẹ̀ tí páìpù náà ń fà, òun náà ti ń lọ sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lóòótọ́, oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá ló ń ṣa èso rẹ̀, lábẹ́ igi tó ti fara da irú ilẹ̀ tirẹ̀. Yóò dà á sínú garawa omi. Èyí tó bá léfòó, ìdin ti wà nínú rẹ̀ tàbí kó ti gbẹ, kó dà á nù. Èyí tó rì ni irúgbìn. Kò ní jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Yóò gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí igi yóò dúró sí títí ayé, yóò ro koríko yí i ká, yóò fi èso mẹ́ta tàbí mẹ́rin lélẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, kí ilẹ̀ tó bò wọ́n tó íǹṣì kan sí méjì, torí kò mọ èyí tí yóò dáa jù nínú wọn. Yóò fi wáyà ṣe àgò lé e lórí, ó sì gbọ́dọ̀ ri etí wáyà náà sínú ilẹ̀, nítorí ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń wò ó láti orí ẹ̀ka. Lẹ́yìn èyí, àgò náà yóò tún dúró de ehoro àti àgbọ̀nrín. Bí òjò bá kọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, kí ó má fi omi díẹ̀díẹ̀ wọ́n ọn lójoojúmọ́, torí ìyẹn ń pe gbòǹgbò sókè. Kí ó da púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ kó máa wọlẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí orí ilẹ̀ gbẹ kó tó tún dà á. Òtútù yóò dé, òjò dídì yóò bo àgò náà. Ní ìrúwé, gbogbo igi àdúgbò yóò ti rúwé tán, ohunkóhun kò ní sí nínú àgò yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn, ìgbà yìí ni wọ́n máa ń tú wáyà wọn, tí wọ́n á mú ṣọ́bìrì wá láti gbin nǹkan mìíràn síbẹ̀, tí ẹnu ṣọ́bìrì á sì gé gbòǹgbò funfun kan tó ti gùn ju ọwọ́ wọn lọ.